Afẹ́fẹ́ Fàràńdà Màmá Láoyè

Motún kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ lábẹ́ ahọ́n. Bó bá mọ nǹkan, ó mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kò ní máa fi "bóyá" àti "ó jọ bíi pé" yí i po. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ṣèpàdé ní Orè, tí àwọn ará kánsù, àwọn olùkọ́ àti àwọn onísọ́míìlì jókòó, òun ló dìde láàárín wọn tó gbé ẹ̀rọ funfun kékeré kan sókè, tí kò tóbi ju ife ìmumi lọ. Ó ní ẹ̀rọ yìí yóò sọ bí afẹ́fẹ́ tí gbogbo àwọn ń mí símú ṣe rí. Ó ní kí wọ́n dán an wò lójú gbogbo ayé, bó bá sì kùnà, kí wọ́n kó gbogbo irú rẹ̀ kúrò nílùú.

Àwọn ará kánsù di ọ̀rọ̀ náà mú. Wọ́n ní ó dáa, bó bá yege, ohun tó bá wí làwọn máa tẹ̀ lé. Bó bá kùnà, kí ẹnikẹ́ni má tún gbé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ wá bá àwọn mọ́.

Kí ló fa gbogbo èyí? Sọ́míìlì kan ní Òdígbó ló fà á, Samson ló ni ín. Lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn bá rẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn sọ́míìlì yìí ni wọ́n ń kó o jọ sí tí ó fi di òkè, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń dáná sun ún. Iná ọ̀hún kì í jó kó tán. Ńṣe ló ń rú tọ̀sán-tòru, bí atẹ́gùn bá sì ti yí, orí ilé àwọn èèyàn àti ilé-ìwé tó wà nítòsí ni èéfín rẹ̀ ń bọ́ sí. Wọ́n ti bá Samson sọ ọ́ títí ó sú wọn. Èsì kan ṣoṣo ló ní: èéfín igi ni, ṣé kì í ṣe igi ni ìyá kálukú fi se ọbẹ̀ tó fi tọ́ ọ dàgbà? Ẹ gbọ́ ohun tí àgbàlagbà ń sọ.

Ẹgbẹ́ elétò ìlera tí Motún ń bá ṣiṣẹ́ ló kó ẹ̀rọ wá. Oríṣi méjì ni. Àgbà ẹ̀rọ wà, ó tóbi tó fìríìjì, owó rẹ̀ ń dẹ́rù bani, Àkúrẹ́ ni wọ́n ti yá a, wọ́n sì ń gbé e padà bí oṣù bá parí. Kékeré wà, sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò wọ́n, ó fúyẹ́, páànẹ̀lì pẹlẹbẹ kan tó ń gba oòrùn lórí páànù ti tó o lò. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń wọn eruku tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, èyí tó ń bá èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró tí kì í sì í fẹ́ jáde mọ́. Gbogbo ayé gba àgbà gbọ́. Kékeré ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Bí kékeré bá lè máa sọ ohun tí àgbà ń sọ, àgbà lè máa lọ sí Àkúrẹ́ ní àlàáfíà, kí kékeré dúró ti ìlú.

Ìpele àkọ́kọ́ lọ geere. Motún to àwọn kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àgbà nínú ọgbà kánsù ní Orè, níbi tí ariwo àti èéfín tírélà kì í ti í sinmi. Ohun tí àgbà bá wí, kékeré náà á wí i. Àfi ní kùtùkùtù, tí kùrukùru bá bolẹ̀. Nígbà náà kékeré á máa ka omi inú kùrukùru mọ́ eruku. Motún ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó mọ àléébù ẹ̀rọ yẹn bí ìyàwó ilé ṣe ń mọ ti ọkọ rẹ̀, ó sì ti mọ èyí tó yẹ kó yọ kúrò nínú ìṣirò. Ó gbé ọ̀kan lọ sí Omifunfun láàárín oko kòkó, ó gbé ọ̀kan sí Àgọ́ Aláyé, ó gbé ọ̀kan sí Agbabu, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀dà abẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá Motún, tí wọn ò sì tíì wà á dé ibì kankan. Gbogbo wọn ṣe dáadáa. Ó wá ku Òdígbó, Òdígbó yìí gan-an sì ni ìdánwò.

Wọ́n gbé àgbà ẹ̀rọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́míìlì, torí pé iná mànàmáná kì í kú níbẹ̀. Kékeré, iwájú ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì náà ni Motún fẹ́ gbé e kọ́. Ilé Màmá Láoyè ni.

Epo pupa ni Màmá Láoyè ń tà nígbà tí orúnkún rẹ̀ ṣì gbà fún un. Ní báyìí, fàràńdà ló ń jókòó sí, fàràńdà náà sì mọ́ débi pé èèyàn lè da oúnjẹ sílẹ̀ rẹ̀ kó jẹ ẹ́. Ó máa ń wúkọ́ láàárín ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá bi í, á ní òtútù ni, òtútù náà sì ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ayálégbé lọ. Àna rẹ̀ ni Samson, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́. Nítorí náà kò bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ èéfín rí. Motún kí i ní Ìkálẹ̀, Ìkálẹ̀ náà ló fi dáhùn, nígbà tó sì gbọ́ pé ọmọ ìlú ni, ó ní kó gbé ohun tó bá wù ú kọ́ sí ibi tó bá wù ú. Ó gbàdúrà sí ẹ̀rọ náà. Ó ní ohun tuntun tí wọ́n fi sọ́wọ́ òun kò ní bàjẹ́ lọ́wọ́ òun láé, ní orúkọ Jésù. Motún ṣe àmín tó dún.

Ó yẹ kó ti béèrè ọ̀nà tí kò fi ní bàjẹ́. Kò béèrè.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, nǹkan dàrú. Ìlà méjì ló máa ń hàn lójú kọ̀ǹpútà Motún, pupa fún àgbà, búlúù fún kékeré. Ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ Samson bá ti koná mọ́ lẹ́búlẹ́bú, pupa á fò sókè, búlúù á sì nà gbalaja sílẹ̀ bí ẹni tó jẹ iyán yó. Bí a bá ní ká tẹ̀ lé ohun tí kékeré ń wí, afẹ́fẹ́ fàràńdà Màmá Láoyè mọ́ ju ti oko kòkó Omifunfun lọ. Irọ́ gbuu. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró níbẹ̀ á fi imú ara rẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni.

Ohun tó tún wá ń múnú bíni ni pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń purọ́ yìí. Ọjọ́ tí Motún bá lọ bẹ̀ ẹ́ wò, búlúù á dìde, á lé pupa bá, wọ́n á jọ máa gòkè, wọ́n á jọ máa sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ ìyá. Kí Motún ṣáà ti padà sí Orè, ó tún di ọ̀lẹ.

Ọ̀gá rẹ̀, Afọlábí, tó tẹ̀ lé àgbà ẹ̀rọ wá láti Àkúrẹ́, wo ìlà méjèèjì títí. Onísùúrù èèyàn ni, àmọ́ kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ó ní, "Motún, ìgbà tí o bá dúró ti ẹ̀rọ yìí nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Kí ni kí n sọ pé ó fà á?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Motún wọra, torí ó mọ ohun tí ẹlòmíì máa gbọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n á ní òun ló ń fọwọ́ kan nǹkan nínú ẹ̀rọ kó lè yege. Samson pàápàá ti gbọ́, nǹkan kì í fara sin ní Òdígbó. Ó ti ń rẹ́rìn-ín káàkiri pé ẹ̀rọ òyìnbó ti dá òun láre, afẹ́fẹ́ àwọn mọ́ nini. Afọlábí ní òun máa gbé àbọ̀ òun jáde lópin ọ̀sẹ̀, bí nǹkan bá sì wà bó ṣe wà, òun máa ní ó kùnà.

"Ẹ dúró ná, sà," ni Motún wí. "Ohunkóhun ò ṣe ẹ̀rọ yẹn. Nǹkan kan wà ní fàràńdà yẹn tó ń dí i lọ́wọ́, mo sì máa rí i kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí."

Kì í ṣe fáàrí ló ń ṣe. Ẹni tó ti tú ẹ̀rọ yẹn palẹ̀ tó sì ti tò ó padà kò ní ìdí láti máa gbọ̀n. Ó kọ́kọ́ ṣe ohun tó rọrùn jù: ó gbé ẹ̀rọ tó ń ṣe dáadáa ní Àgọ́ Aláyé wá sí ilé Màmá, ó sì gbé ọ̀lẹ lọ sí Àgọ́ Aláyé. Ọ̀lẹ dé ọ̀hún, ó di òṣìṣẹ́ gidi. Òṣìṣẹ́ dé fàràńdà Màmá, ó di ọ̀lẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Motún rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wẹ́rẹ́, torí pé ẹjọ́ ti kúrò lọ́rùn ẹ̀rọ.

Ó wá jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ṣí ojú ewé tí wọn kì í sábà yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ kékeré máa ń wọn ooru àti ọ̀rinrin pẹ̀lú, torí ọ̀rọ̀ kùrukùru yẹn. Ohun tó rí níbẹ̀ mú kó sún àga mọ́ tábìlì. Gbogbo ìgbà tí búlúù bá dùbúlẹ̀, ooru inú ẹ̀rọ máa ń ga ju ti ìta lọ, ọ̀rinrin á sì pọ̀ lára rẹ̀ bí ẹni tó ń làágùn lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Bí búlúù bá fẹ́ jí, ooru á kọ́kọ́ wálẹ̀, ọ̀rinrin á gbẹ. Kì í ṣe ìgbà tí Motún bá débẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ o. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀ ṣáájú kó tó dé.

Ẹnì kan ń da nǹkan bo ẹ̀rọ náà. Ẹni náà sì máa ń mọ̀ pé Motún ń bọ̀.

Ta ló ń mọ̀? Ó ronú títí, ó wá rántí fóònù. Bí wọ́n ṣe tọ́ Motún nílé wọn ni pé èèyàn kì í já wọ ilé àgbà láìsọ tẹ́lẹ̀. Lójoojúmọ́ tó bá ń lọ sí Òdígbó, bó bá ti wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Orè, á pe Màmá Láoyè pé, "Màmá, mo ti ń bọ̀ o." Màmá á sì ní kó máa bọ̀, kó rọra. Háà. Àṣé ìwà rere òun ló ń ba iṣẹ́ òun jẹ́.

Ó lọ bá Afọlábí níbi tó ti ń jẹun. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó fi ọkọ̀ gbé àwọn lọ sí Òdígbó báyìí, àwọn ò sì ní pe ẹnikẹ́ni. Afọlábí bi í pé kí ló rí. Ó ní kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i, torí pé òun ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu òun ló ti máa gbọ́ ọ. Inú Motún kò dùn sí ọ̀nà tí àwọn ń gbà lọ yìí. Ó yà ra búrẹ́dì lójú ọ̀nà kí àìsọ tẹ́lẹ̀ náà má baà tún di ọwọ́ òfìfo.

Atẹ́gùn ti yí nígbà tí wọ́n débẹ̀. Èéfín Samson ti bo ojú ọ̀nà, ó ń ta ni lójú, ó ń gbẹ ni lọ́fun. Fàràńdà dákẹ́. Lókè, níbi tí Motún gbé ẹ̀rọ funfun rẹ̀ kọ́ sí, ọ̀rá ńlá kan ló wà níbẹ̀, wọ́n fi rọ́bà so ọrùn rẹ̀ pinpin, wọ́n sì tún da aṣọ òwú híhun bò ó lórí, irú èyí tí àwọn ìyá máa ń tẹ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kó máa wọn eruku, wọ́n ti wọ ẹ̀wù fún un kí eruku má baà kàn án.

Afọlábí fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì. Motún náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ Màmá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó sì ti yọ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìró tó so mọ́ àyà. Ẹ̀yìn rẹ̀, nínú pálọ̀, gbogbo àga ló wọ ọ̀rá, rìmóòtù náà wọ ọ̀rá. Motún kò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó bá wá, àga a máa wà ní ìhòòhò, wọ́n á máa dán, torí pé àlejò ń bọ̀ ni wọ́n ṣe ń bọ́ ọ fún wọn. Ojú ti Màmá pé wọ́n bá ilé òun bẹ́ẹ̀. Ó bá Motún wí. Ó ní ṣé bí wọ́n ṣe ń wọlé ẹni nìyẹn, tí òun ò tíì palẹ̀ mọ́, tí òun ò tíì bọ́ aṣọ lára ẹ̀rọ?

Motún kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó gbé búrẹ́dì fún un. Lẹ́yìn náà ló wá rọra bi í léèrè ìdí tí ẹ̀rọ fi ń wọ aṣọ.

Màmá wò ó bí ẹni tó béèrè ìdí tí wọ́n fi ń dé ìkòkò. Ó ní èéfín yìí ńkọ́? Láàárọ̀, tí òun bá fi àkísà nu irin fàràńdà, dúdú ni òun ń fún jáde. Aṣọ tí òun sá, òun tún un fọ̀. Ẹ̀rọ ọlọ́ẹ̀rọ, tuntun, funfun, kí òun wá fi sílẹ̀ kí èéfín bà á jẹ́? Òun ti ṣèlérí. Bí Motún bá ti pè, òun á bọ́ ọ, òun á nù ún, kó lè bá a bó ṣe fi í sílẹ̀. Bó bá ti lọ, òun á tún wọ̀ ọ́.

Afọlábí kò rẹ́rìn-ín mọ́. Motún gun àga, ó tú rọ́bà, ó bọ́ ọ̀rá náà kúrò. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó mú un sí àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ṣàlàyé pé èémí ni ẹ̀rọ yìí ń mí bí èèyàn, eruku yẹn gan-an ló wá jẹ. Pupa ti wà lókè. Búlúù mira díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń gòkè bọ̀, títí ó fi lọ dúró ti pupa. Afọlábí ní ó ti tó, òun ti rí i. Ó ní kí ẹ̀rọ wà láìbò títí àgbà á fi lọ, bí wọ́n bá ṣì ń bá ara wọn lọ báyìí, òun máa fọwọ́ sí i.

Inú Motún dùn débi pé kò kọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè Màmá. Màmá tún un béèrè. Ó fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí ìlà náà dúró sí, tí afẹ́fẹ́ bá dára. Motún fi ìka hàn án, nísàlẹ̀ pátápátá. Màmá wo ibẹ̀, ó wo ibi tí ìlà wà, ó wo ọ̀rá tó wà lórí àga. Ó wúkọ́, ó sì wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà títí oṣù fi parí, kò sẹ́ni tó bo ẹ̀rọ. Pupa àti búlúù jọ ń lọ, wọ́n jọ ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n tún péjọ sí Orè, Motún gbé ìlà méjèèjì sára ògiri kí gbogbo èèyàn rí i, Afọlábí sì sọ ọ́ síta pé ẹ̀rọ kékeré yege, òun gbà á gbọ́ bí òun ṣe gba àgbà gbọ́. Àwọn olùkọ́ pàtẹ́wọ́.

Samson dìde. Ó múra dáadáa lọ́jọ́ náà, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní kò yé òun o. Ẹ̀rọ yìí kan náà ló sọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ pé afẹ́fẹ́ ilé àna òun mọ́. Gbogbo Òdígbó ló gbọ́. Ẹ̀rọ náà wá yí ohùn padà lójijì. Èwo ni kí ìlú gbà nínú méjèèjì? Àwọn kan nínú kánsù bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sí i, Motún sì rí i pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó dìde láti fèsì.

Ọwọ́ kan dì í mú léjìká, ó dá a padà jókòó. Màmá Láoyè ni, tó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹnikẹ́ni kò retí níbẹ̀. Bí Samson ṣe rí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bó ṣe yẹ kí àna ṣe. Màmá ní kó dìde. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó mú ọ̀rá kan tó ti ká jáde, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Inú rẹ̀ ń dán. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Samson, ẹ̀rọ ni mo fi ọ̀rá bò," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga. "Nígbà tó wà nínú ọ̀rá, ó ní afẹ́fẹ́ dára. Kò purọ́, inú ọ̀rá dára lóòótọ́. Èmi ni mi ò sí nínú ọ̀rá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ò sí nínú ọ̀rá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó o fẹ́, tó ń gbé ẹ̀yìn sọ́míìlì rẹ, kò sí nínú ọ̀rá."

Samson na ọwọ́, ó fi ìka kan ẹ̀yìn ọ̀rá náà, ó wo ìka rẹ̀. Ó nù ún mọ́ ara agbádá rẹ̀, agbádá funfun ni.

"Màmá, a máa kó iná yẹn kúrò níbẹ̀," ló wí.

"Ìgbà wo?" ni Màmá bi í.

Samson wo àwọn ará kánsù, àwọn yẹn ń wo tábìlì. Ó wo Motún, Motún sì ń wò ó láìṣẹ́jú.

"Lọ́la, mà."

Màmá ní kó ṣeun. Ó ní kí Motún máa mú òun lọ sílé ná, kí wọ́n yà ní ọsibítù lójú ọ̀nà, òun fẹ́ kí dókítà gbọ́ àyà òun.